Bugatti Type 35 onírẹ́sìn, ìwọ̀n 1/24: láti orí ṣásí tó wọ́ títí dé okùn awọ orí bọ́néètì

Àwòṣe kékeré ọkọ̀ eré ìje Bugatti Type 35 la fẹ́ tò, ọkọ̀ gan-an fi ìlọ́po 24 tóbi jù ú lọ. Ṣásí, ìyẹn férémù abẹ́ ọkọ̀, tó wà nínú páálí náà wọ́. A gbé e lé orí dígí, igun mẹ́ta jókòó, igun iwájú lápá òsì sì gbé sókè ní 1.8 mm. Ooru inú ọkọ̀ akérò láti Èkó dé Ilé-Ifẹ̀ tó o ṣe. Rẹ́sìn (irú ike tí wọ́n dà ní olómi tó sì gan) tó bá tín-ínrín máa ń rọ̀ bí ooru bá mú un, bí ẹrù kan bá sì tẹ̀ ẹ́ lásìkò yẹn, bó bá ti tẹ̀ náà ni yóò ṣe gan. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ṣásí tí kò bá gún kì í fara pamọ́: ọkọ̀ á parí tán, á dán, táyà kan á sì dúró lófuurufú.

Ọjọ́ 3, oṣù kẹjọ, ọdún 1924 ni Bugatti kọ́kọ́ gbé Type 35 jáde fún eré ìje Grand Prix ní Lyon, nílẹ̀ Faransé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà 8, 1991 cc. Ohun tó kan wa jù níbí ni ìwọ̀n méjì: láti àárín ásù (ọ̀pá tó so táyà òsì mọ́ ti ọ̀tún) iwájú dé ti ẹ̀yìn jẹ́ 2400 mm, láti àárín táyà òsì sí ti ọ̀tún jẹ́ 1200 mm. Ẹ fi 24 pín in, ẹ ó rí 100 mm àti 50 mm. A kọ nọ́ńbà méjèèjì yìí sórí pépà tépù, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì, gbogbo ìpele tó tẹ̀ lé e la sì fi wọ́n díwọ̀n. Ìwé ìlànà inú páálí kò kọ ìwọ̀n kankan síbẹ̀, àwòrán nìkan ló wà.

Ẹ̀yà 74 ló wà nínú kíìtì náà. Ara ọkọ̀, ṣásí, bọ́néètì àti àga jẹ́ rẹ́sìn. Ásù, sípíríǹgì, rímù àti sitiarín jẹ́ irin funfun rírọ̀ tí èékánná lè há. Pẹlẹbẹ idẹ kan wà tí wọ́n ti gé àwọ̀n radiétọ̀ àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ sí, táyà rọ́bà márùn-ún, àti bébà àmì alẹ̀mọ́.

1. Fífọ̀

Àwọn tó ń da rẹ́sìn máa ń fi òróró pa inú ẹ̀dà, ìyẹn ohun tí wọ́n ń da rẹ́sìn sí kó lè gba ìrísí, kí ohun tí wọ́n dà lè jáde. Òróró yẹn ṣì wà lára ẹ̀yà. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ ìfọwọ́ olómi ṣíbí kan, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì la fọ̀ ọ́, a ṣàn án, a tẹ́ ẹ sórí aṣọ mọ́júmọ́. Ẹ ta asẹ́ sẹ́nu kòtò omi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ bíréèkì tó wà nínú kíìtì yìí kò gùn ju ìka ọwọ́ ọmọ ọwọ́ lọ, ìṣẹ́jú kan ni omi fi máa gbé e lọ.

2. Gígé ìdí rẹ́sìn

Gbogbo ẹ̀yà ló ní ìdí, ibi tí rẹ́sìn gbà wọ inú ẹ̀dà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Ifẹ̀. Àwọn tó ṣe orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 fi ìda mọ àwòrán, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n yọ́ ìda náà dànù, wọ́n da irin sí àyè rẹ̀. Irin tó gan sójú ọ̀nà tó gbà wọlé, wọ́n ní láti gé e, kí wọ́n sì fáìlì ojú ibẹ̀ títí àpá á fi parẹ́.

Ayùn tín-ínrín àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. A ra ọwọ́ rẹ̀ kan ní ₦6,000 àti abẹ 12 ní ₦2,400. Má ṣe gé e débi ara ẹ̀yà gan-an. Ẹ fi 1 mm sílẹ̀, kí ẹ fi sáńpépà 240 gbá a dànù, kí ẹ wá fi 400 parí rẹ̀. Ìdí abẹ́ ara ọkọ̀ la gé jìn jù ní tiwa, ayùn jẹ ẹ́ wọlé ní 0.5 mm, àfi ká tún dí i.

Omi ni kí ẹ fi máa gbá rẹ́sìn. Eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró rárá, bẹ́ẹ̀ ló fẹ́lẹ́ débi pé á máa fò nínú yàrá fún wákàtí. Sáńpépà olómi, abọ́ omi kan, ìbòmú lójú. Ẹ tọ́jú àwọn ìdí tí ẹ bá gé. Ara wọn ni ẹ ó ti máa dán práímà (ọ̀dà àkọ́kùn tó ń lọ sábẹ́ pẹ́ńtì) àti pẹ́ńtì wò.

3. Títọ́ ṣásí

Ìgbà àkọ́kọ́, omi híhó la lò. A tì í bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, ó rọ̀ bí ọ̀dùndún, bí a sì ṣe ń gbé e jáde ni ìwúwo ara rẹ̀ fà á sí òdìkejì. Ìwọ̀n tuntun: òsì jókòó, ọ̀tún gbé sókè ní 0.9 mm, gígùn ti fà di 100.8 mm.

Ìgbà kejì, a jẹ́ kí omi náà tutù di nǹkan bí 75°C, ìyẹn omi tó ń yọ èéfín ṣùgbọ́n tí kò hó. Ìṣẹ́jú àáyá 40 péré. A gbé e sórí táìlì dídán, a fi táìlì kejì tẹ̀ ẹ́, a gbé agolo mílíìkì méjì tí a kò tíì ṣí lé e, a da omi tútù sí i. Ó jókòó pẹrẹsẹ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti padà sókè ní 0.4 mm. Rẹ́sìn kì í gbàgbé ibi tó ti dúró sí tẹ́lẹ̀ kíákíá.

Ìgbà kẹta ló yanjú. A fi pátákó líle kan ṣe ibùsùn fún un: ìṣó mẹ́jọ, méjì méjì ní igun kọ̀ọ̀kan, tí àlàfo àárín wọn bá fífẹ̀ ṣásí mu gẹ́lẹ́, ìlà 100 mm sì ti wà lórí pátákó náà kí a tó kan ìṣó kankan. Omi 75°C lẹ́ẹ̀kan sí i, a kó o sáàárín ìṣó, ó wà níbẹ̀ fún wákàtí 24. Kí a tó yọ ọ́, a fi ayùn la ìhò tóóró sí abẹ́ ọ̀pá ṣásí kọ̀ọ̀kan, jíjìn 1.1 mm, a tẹ́ wáyà idẹ 1 mm sínú rẹ̀, a fi Araldite, gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì tí à ń pò pọ̀, dí i. Araldite tó máa ń gan ní wákàtí 24 ni kí ẹ lò, ẹ má lo ti ìṣẹ́jú márùn-ún. Súpà gúlù máa ń là bí irin àti rẹ́sìn bá fẹ̀ nínú ooru, torí wọn kì í fẹ̀ bákan náà. Ìpele wáyà yìí kò sí nínú ìwé ìlànà kankan, àwa ò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fò ó níbi tí òrùn ti ń mú tó báyìí.

Ìwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀: òsì 99.9, ọ̀tún 100.1. A fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

4. Ihò afẹ́fẹ́

Ibi tó yípo, bí ìrù ọkọ̀ àti etí àga, ni afẹ́fẹ́ ti máa ń há sábẹ́ rẹ́sìn. Ẹ kò ní rí i lójú. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ gbogbo etí náà díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá wọlé, ẹ ṣí i pátápátá báyìí, torí pé bí ẹ bá fi sílẹ̀, abẹ́ pẹ́ńtì ni yóò ti ṣí. A rí 23.

Súpà gúlù àti ìyẹ̀fun bekin sódà la kọ́kọ́ fi dí wọn. Ojú ẹsẹ̀ ló gan, ó sì le ju rẹ́sìn lọ. Sáńpépà wá ń jẹ rẹ́sìn tó yí i ká, òun fúnra rẹ̀ kò kúrò, ó yọ gańgan bí kókó. A fi abẹ gé gbogbo rẹ̀ kúrò. Páúdà ọmọdé la wá pò mọ́ súpà gúlù, ìdajì sí ìdajì, lórí ọ̀rá. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gan, líle rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti rẹ́sìn mu. Ẹ gbá a láàárín wákàtí kan. Bó bá di ọjọ́ kejì, á tún ti le sí i.

Méjì nínú àwọn ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ara bọ́néètì dí. Orí abẹ rẹ́sà tuntun la fi ṣí wọn, ìfà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, láti òkè sí ìsàlẹ̀.

5. Ásù iwájú

Ibi tó le jù nìyí, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó mọ Bugatti á kọ́kọ́ wò. Ásù iwájú ọkọ̀ gan-an ní ihò onígun mẹ́rin lápá méjèèjì, sípíríǹgì sì gba inú ihò náà kọjá. Wọn kò so ó mọ́ abẹ́ tàbí orí ásù bí ti ọkọ̀ yòókù. Kíìtì yìí gé sípíríǹgì sí méjì, ó ní kí á lẹ ìdajì mọ́ iwájú ásù, ìdajì mọ́ ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà gọ́ọ̀mù á hàn, sípíríǹgì méjèèjì kò sì ní bọ́ sójú ìlà kan.

Ihò tí a nílò jẹ́ 1.6 × 1.3 mm. Fífẹ̀ ásù níbẹ̀ kò ju 2.2 mm lọ. A ki dírílì 1.2 mm bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Irin funfun rọ̀, ó máa ń dì mọ́ ẹnu dírílì. Ó dì í mú, ó yí, ásù sì ṣẹ́ sí méjì. Àṣìṣe wa ni. Bí a ṣe tún un ṣe rèé: a lu ihò 0.6 mm sí ojú ibi tó ṣẹ́ lápá méjèèjì, jíjìn 3 mm, a gé píìnì ìwé sí 5.5 mm, a fi Araldite tì í bọ̀ ọ́, a tò ó sórí pátákó oníṣó yẹn kí ó lè gún, a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Lápá kejì, 0.6 mm la fi bẹ̀rẹ̀, ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Dírílì ọwọ́ ni, a kò lo ti oníná. Lẹ́yìn gbogbo ìyípo mẹ́ta, a yọ ẹnu dírílì, a nù ún, a fi í ra àbẹ́là. Ìda àbẹ́là kì í jẹ́ kí irin náà dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà 0.8, a so ihò méjèèjì pọ̀, a fi fáìlì onígun mẹ́rin tó kéré jù lọ́wọ́ àwọn atúnagogo-ṣe fẹ̀ ẹ́ títí sípíríǹgì fi wọlé láìfipá. Wákàtí méjì fún ẹ̀gbẹ́ kan. Sípíríǹgì náà, a ti fi píìnì so ìdajì méjèèjì pọ̀ kí a tó tì í bọ ásù. Ó gbà á kọjá, ó sì dà bíi ti ọkọ̀ gan-an.

Ti ẹ̀yìn rọrùn. Sípíríǹgì ìdajì-ìdajì ni Bugatti lò níbẹ̀, ó kọ ojú síwájú, kíìtì sì mọ ọ́n dáadáa. A lẹ̀ ẹ́, ó parí.

6. Rímù àti táyà

Rímù Type 35 ní apá pẹlẹbẹ 8, dúrọ́ọ̀mù bíréèkì sì wà lára rẹ̀, alumíníọ̀mù kan náà ni wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Irin kíìtì dúdú ju alumíníọ̀mù lọ. A fi fáìlì yọ irin tó kún sáàárín apá kọ̀ọ̀kan, ibi 8 lára rímù kan, rímù 5. A fi Brasso nù ún, a sì fọ́n fàdákà fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo lé e. Bí ẹ bá fọ́n ẹ̀ẹ̀mejì, etí apá á yípo, á dà bí ike.

Táyà ní ìlà ẹ̀dà láàárín. A kó o sí orí pẹ́ńsù tó há a, a ń yí i lórí sáńpépà 240. Ìlà lọ, dídán rọ́bà náà sì lọ pẹ̀lú rẹ̀.

7. Práímà, àti ihò róbótó tó ń yọ lójú rẹ̀

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ firíìjì àlòkù la fi ń fọ́n, ₦15,000 lọ́wọ́ àwọn tó ń tún firíìjì ṣe. Kò pariwo, jẹnẹrétọ̀ kékeré sì lè gbé e bí iná bá lọ. Gọ́ọ̀nù kékeré ẹlẹ́nu 0.3 mm, 18 psi.

Práímà kọ́kọ́ jókòó, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ihò róbótó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí káàkiri bí ojú ẹja. A rò pé ọṣẹ ni, tàbí òróró ẹ̀dà tí kò tán. A fi tínnà nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Àṣìṣe kejì nìyẹn: tínnà àwọn onípẹ́ńtì ọkọ̀ máa ń yọ́ súpà gúlù, ibi mẹ́ta tí a ti dí sì ṣófo padà. A dí wọn, a fọ ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, a fọ́n. Ihò tún yọ, iye kan náà.

Ara ìdí rẹ́sìn tí a kò fọ̀ rárá la wá dán an wò sí, a fi búrọ́ọ̀ṣì kun práímà náà dípò kí a fọ́n ọn. Ihò kankan kò yọ. Bó bá jẹ́ òróró ẹ̀dà ló fà á, ibẹ̀ ni ì bá ti pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ ló kù. A kọ ẹnu gọ́ọ̀nù òfìfo sí dígí tó mọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, a gbé dígí náà sí ìmọ́lẹ̀, a rí ẹ̀kán òróró wínníwínní lórí rẹ̀. Òróró ni kọ̀mpúrẹ́sọ̀ firíìjì fi ń ṣiṣẹ́, a sì máa tì í jáde pẹ̀lú afẹ́fẹ́.

Àtúnṣe: a kò so ó tààrà mọ́ gọ́ọ̀nù mọ́. Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ wọ táǹkì irin kan, kí òróró lè jókòó nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó gba ọ̀pá rọ́bà 3 m tí a ká sínú korobá omi tútù, kí omi inú afẹ́fẹ́ lè sẹ̀. Lẹ́yìn náà, àsẹ́ omi àti òróró tó ní gíláàsì nísàlẹ̀, ₦9,500. A tún dígí dán wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó mọ́ gaara. Ẹ máa ṣí ìdí àsẹ́ náà lẹ́yìn gbogbo ìṣẹ́jú 20. Bí ẹ bá ń lo kọ̀mpúrẹ́sọ̀ firíìjì tàbí ti fọganáísà, ẹ ṣe ìdánwò dígí yìí kí ẹ tó fọ́n ohunkóhun. Ọjọ́ mẹ́rin ló bá wa jẹ́.

Práímà àtijọ́, a kò fi tínnà kàn án mọ́. Sáńpépà 600 olómi la fi gbá a kúrò.

8. Búlúù

Búlúù ni àwọ̀ eré ìje ilẹ̀ Faransé. Àwọn tó ń po pẹ́ńtì ọkọ̀ ní Lágéré po ìdá mẹ́rin lítà kan fún wa ní ₦4,500. Lára ìdí rẹ́sìn, ó ṣú jù. Ohun kékeré máa ń mú kí àwọ̀ dà bíi pé ó dúdú, a fi funfun 1 ml sí búlúù 10 ml. Pẹ́ńtì kan, tínnà kan àbọ̀.

Àkókò òjò ni, ọ̀rinrin sì pọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn òjò, búlúù náà jókòó tán, ó wá funfun bí ẹfun. Tínnà tó yára gbẹ ló fà á: bó ti ń fò lọ ni ojú pẹ́ńtì ń tutù, ìrì sì ń sẹ̀ lé e. Kò bàjẹ́ tán. A dúró de ọjọ́ tó gbẹ, a fọ́n tínnà tó ń lọ́ra gbẹ nìkan lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pẹ́ńtì náà rọ̀, funfun yẹn sì jáde lọ. Láti ìgbà náà, àárín agogo 11 òwúrọ̀ sí 3 ọ̀sán nìkan la ń fọ́n, pẹ̀lú tínnà tó ń lọ́ra, a sì gbé ife pẹ́ńtì sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣáájú.

Fífọ́n mẹ́ta gbígbẹ, méjì olómi. Ojú ihò bọ́néètì kò gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, á dí. Ọjọ́ méje kó gbẹ. Sáńpépà 2000 olómi, lẹ́yìn náà kọ́ńpáùndù àwọn onípẹ́ńtì ọkọ̀ lórí aṣọ fẹ́lẹ́. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan etí. A kan ẹnu ìrù, práímà yọ lójú ẹsẹ̀, a tún ibẹ̀ fọ́n.

9. Dáṣíbọọ̀dù

Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ọnà róbótó kún lójú ni ti ọkọ̀ gan-an. Rẹ́sìn tí wọ́n kun ní fàdákà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. A gé agolo móòtì, a fi sáńpépà 1000 gbá ike tó wà nínú rẹ̀ kúrò, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó pẹlẹbẹ. Igi ìtayín tí a gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, a kó o sẹ́nu dírílì ọwọ́, a ti orí rẹ̀ bọ Brasso, ìyípo márùn-ún sí ojú kan. Róbótó kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1 mm, èkejì á gun ìdajì ti àkọ́kọ́. Ẹ fi rúlà irin ṣe ojú ìlà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Méjì àkọ́kọ́ wọ́, a jù wọ́n nù. Agolo kan tó dáṣíbọọ̀dù ogún.

10. Àmì, gíláàsì, awọ

Bébà àmì ti pọ́n. A fi pépà tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, ó funfun padà. A fọ́n fáníìṣì fẹ́lẹ́ kan lé e kó má baà fọ́ sínú omi, ìṣẹ́jú àáyá 30 nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó yọ̀ jáde lódidi.

Gíláàsì iwájú kéré, inú ìdérí páálí bisikíìtì la ti gé e. Ẹ má fi súpà gúlù kàn án. Èéfín rẹ̀ máa ń fi funfun sára ike tó mọ́. Top Bond, ẹ̀kán kan lórí abẹ́rẹ́.

Awọ ni wọ́n fi ń di bọ́néètì, táyà ìpamọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì náà sì ní okùn awọ. Àjákù awọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ran bàtà nípọn tó 1 mm, ìyẹn yóò jẹ́ 24 mm lára ọkọ̀ gan-an, ó ti ki jù. A fi Top Bond lẹ ojú dídán rẹ̀ mọ́ dígí, a fi sáńpépà gbá ẹ̀yìn rẹ̀ dé 0.3 mm, a rẹ ẹ́ sómi kó lè bọ́, a gé e ní fífẹ̀ 1.2 mm. Okùn àkọ́kọ́, súpà gúlù mu ún, ó dúdú, ó sì gan bí igi. Top Bond la fi ṣe èkejì.

Owó àti àkókò

Kíìtì fúnra rẹ̀ kò sí nínú èyí. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àti àsẹ́ ₦24,500, ayùn àti abẹ ₦8,400, pẹ́ńtì, práímà àti tínnà ₦11,000, súpà gúlù mẹ́fà ₦3,000, Araldite ₦3,500, sáńpépà ₦4,000. Àròpọ̀ ₦54,400. Àwọn irinṣẹ́ á tún ṣe òmíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ nǹkan bí wákàtí 90, èyí tí ásù iwájú, práímà àti ṣásí kó ju ìdajì lọ.

Ìdánwò ìkẹyìn

A gbé e lé orí dígí kan náà tí a fi bẹ̀rẹ̀, a ki bébà ìwé ìdákọ pẹlẹbẹ sábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, a fà á. Mẹ́ta dì í mú, ọ̀tún ẹ̀yìn jẹ́ kó kọjá. A yọ rímù náà, a fi fáìlì fẹ ihò rẹ̀ sókè díẹ̀, ìyẹn 0.1 mm, a tún un lẹ̀. Láti táyà sí táyà: iwájú 50.0, ẹ̀yìn 49.8. Ásù ẹ̀yìn kíìtì ló kúrú, a kò fọwọ́ kàn án. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí pẹpẹ báyìí, nínú yàrá tí òrùn ọ̀sán ń mú òrùlé rẹ̀, bébà sì ń dì lábẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.